Kọ̀ǹpútà kékeré fún wíwo fíìmù nílé: kí ló yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó?

Bí ẹ bá wọ ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́, tàbí ìsọ̀ àwọn tó ń ta fóònù ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ó rí páálí kéékèèké tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá sí lára: «8K», «16 GB», «Ultra HD». Oníbàárà á ní, «Ẹ̀gbọ́n, èwo ló dáa nínú wọn?» Ọlọ́jà á na ọwọ́ sí èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ tóbi jù: «Àbúrò, èyí ni kó o gbé. Kò sí fíìmù tí kò lè gbé jáde.» Tó bá dalẹ́, àwọn ará ilé á jókòó, fíìmù á bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí àwòrán á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, tí ohùn á ti lọ síwájú. Oníbàárà á ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Nígbà míì wọ́n lù ú lóòótọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀, fíìmù tí wọ́n fi síbẹ̀ ni kò mọ̀.

Pé ẹ̀rọ kan lè mọ fíìmù kan kó má mọ èkejì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ìyẹn bá yé, ó máa mọ ohun tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Kí là ń pè ní kọ̀ǹpútà kékeré?

Kọ̀ǹpútà, tí púpọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ Benin ń pè ní ọ̀dínátọ̀, kò di dandan kó ní ojú àti kíbọ́ọ̀dù lára. Èyí tí à ń sọ níbí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè fi pamọ́ sẹ́yìn tẹlifísọ̀n. Tẹlifísọ̀n ni ojú rẹ̀. Ẹ ó fi wáyà HDMI so méjèèjì pọ̀, ẹ ó ki klé USB tàbí dískì tí fíìmù wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó parí.

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ìkíní ni pátákó lásán tí wọ́n to ṣípù sí lórí. Raspberry Pi ló lókìkí jù nínú wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ó sì kọ́kọ́ jáde ní oṣù kejì ọdún 2012. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì báńkì lọ. Ìkejì ni àpótí Android tí gbogbo ayé ń pè ní TV box. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti fóònù. Ìkẹta ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré tòkunbọ̀, irú ThinkCentre Tiny ti Lenovo, OptiPlex Micro ti Dell, EliteDesk Mini ti HP. Ilé iṣẹ́ òyìnbó ti lò wọ́n fún ọdún mélòó kan, wọ́n pààrọ̀ wọn, wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbú wọn tó sẹ̀ǹtímítà 18, wọn kò sì nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ.

Kí ló wà nínú fáìlì fíìmù gan-an?

Fíìmù jẹ́ àwòrán tó ń tẹ̀ léra kíákíá, 24 tàbí 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ Full HD, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní àmì 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga, àmì kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 3. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan péré jẹ́ nǹkan bíi 155 MB. Fíìmù wákàtí 2 á lé ní 1,100 GB. Dískì 1 TB, ìyẹn 1,000 GB, kò lè gba ẹyọ kan irú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n fíìmù tó wà nínú klé USB yín kì í sábà ju 2 GB lọ. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo iṣu. Iṣu tútù wúwo, ó ń jẹrà, kò ṣe é rù lọ ọ̀nà jíjìn. A bẹ ẹ́, a bọ̀ ọ́, a sá a, a lọ̀ ọ́, ó di ẹlùbọ́ tó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹlùbọ́ gbígbẹ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé omi kaná kó rokà kó tó di oúnjẹ. Fáìlì fíìmù ni ẹlùbọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà ni ẹni tó máa rokà, ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 2, láìsinmi.

Bí wọ́n ṣe ń sá fíìmù gbẹ nìyí: wọn kì í kọ gbogbo àwòrán sílẹ̀ lódindi. Bí ẹnìkan bá jókòó níwájú ògiri tó ń sọ̀rọ̀, ògiri kò yí padà, ètè ẹni náà ló ń mì. Wọ́n á kọ ògiri lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á máa kọ ohun tó yí padà nìkan. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ijó ti le, tí aṣọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ tí èrò sì ń mì lẹ́yìn rẹ̀, fi máa ń kọ́kọ́ dà rú lójú ẹ̀rọ tí kò lágbára. Gbogbo nǹkan ló ń yí padà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà ìfúnpọ̀ yìí ju ẹyọ kan lọ. H.264 ló wọ́pọ̀ jù, ó ti wà láti ọdún 2003. H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC, dé ní ọdún 2013. Ó lè sọ fíìmù kan náà di nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n tí H.264 fún un láìba àwòrán jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro tú ju ti ìṣáájú lọ. VP9 àti AV1 ni ẹ ó pàdé lórí YouTube. Ẹ̀rọ tó mọ ọ̀kan lè má mọ èkejì rárá.

Kí ló dé tí 16 GB kò fi ran fíìmù lọ́wọ́?

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà tú fíìmù. Nínú ọ̀nà kìíní, ọpọlọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, bí ẹni ń fi ọmọ ọlọ lọ ata. Kò sóhun tí ọlọ kò lè lọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó sì ń mú èèyàn làágùn. Nínú ọ̀nà kejì, wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ ìtú kan sínú ṣípù náà láti ilé iṣẹ́, tí kò níṣẹ́ méjì ju kó tú fíìmù lọ. Òun ni ẹ̀rọ ìlọta tó wà lọ́jà: kí ẹ tó ṣẹ́jú, ata ti kúnná. Àmọ́ ẹ kò lè gbé iṣu gbígbẹ lọ síbi ẹ̀rọ ata. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìkan ló mọ̀.

Tí ẹ̀rọ ìtú bá mọ irú fíìmù yín, kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú á gbé e jáde, ara rẹ̀ kò sì ní gbóná. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ padà sórí ọlọ nìyẹn. RAM, ìyẹn àyè tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ń polówó lára páálí, dà bí abọ́ tí ẹ fi gba ata. Abọ́ ńlá kò sọ ọlọ di ẹ̀rọ. Fún fíìmù nìkan, RAM 2 GB tó lórí Raspberry Pi. 4 GB tó lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ẹni tó mọ èwo. Raspberry Pi 3, tó jáde ní 2016, mọ H.264 dé Full HD. Kò ní ẹ̀rọ ìtú fún H.265. Pi 4, tó jáde ní 2019, mọ H.264 dé Full HD, ó sì mọ H.265 dé 4K, tí àmì inú àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD. Pi 5 ti ọdún 2023 lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé wọ́n yọ ẹ̀rọ ìtú H.264 kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi ti H.265 nìkan sílẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ yá tó láti fi ọlọ lọ H.264 Full HD láìsí ìdíwọ́, nítorí náà ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ní ti tòkunbọ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Intel, ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì. «i5-7500T» jẹ́ ìran keje, «i5-4590T» jẹ́ ìran kẹrin. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ márùn-ún, bíi «i5-10500T», méjì àkọ́kọ́ ni ẹ ó kà, ìran kẹwàá nìyẹn. Lẹ́tà T tó kẹ́yìn túmọ̀ sí pé kì í jẹ iná púpọ̀. Ìran kẹrin mọ H.264. Ìran kẹfà fi H.265 kún un, ṣùgbọ́n ti 8-bit nìkan (iye bit ló ń sọ bí àwọ̀ inú àwòrán ṣe lè pọ̀ tó). Láti ìran keje ni wọ́n ti mọ H.265 10-bit àti VP9. AV1 di ìran kọkànlá. Nítorí náà, tí ẹ bá rí méjì tí owó wọn sún mọ́ra, ọ̀kan ìran kẹfà tó ní RAM 16 GB, èkejì ìran keje tó ní 4 GB, ti ìran keje ni kẹ́ ẹ mú fún fíìmù. RAM ṣe é fi kún lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ̀rọ ìtú kò ṣe é fi kún.

Báwo lẹ ṣe máa mọ irú fíìmù tó wà nílé yín?

Èyí ló yẹ kó ṣáájú ọjà, àwọn èèyàn kì í sì í ṣe é. Ẹ fi VLC, ètò ìwo fíìmù tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣí fíìmù kan lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Ẹ tẹ Ctrl àti J pọ̀. Tí VLC yín bá ń sọ Faransé, ẹ wá «Informations sur le codec» lábẹ́ «Outils». Ẹ ó rí «H264 – MPEG-4 AVC» tàbí «HEVC (H.265)», ẹ ó sì rí ìwọ̀n àwòrán lábẹ́ rẹ̀, bíi 1920x1080. Tí «10-bit» bá wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é fún bíi fíìmù mẹ́wàá tó yàtọ̀ síra.

Nínú ilé wa, ohun tí à ń wò máa ń jẹ́ àdàlù: fíìmù Yorùbá láti Nàìjíríà, DVD òkú Bàbá tí wọ́n yà ní ọdún gbọ́ọrọ, ìgbéyàwó tí wọ́n fi káméra yà lóṣù tó kọjá, àti fídíò fóònù. DVD àtijọ́ kò níṣòro. MPEG-2 ni, ó rọrùn débi pé ọlọ gan-an tó fún un. Fíìmù Full HD H.264 náà kò níṣòro lórí èyíkéyìí.

Fídíò fóònù ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ń ya 4K pẹ̀lú H.264. Pi 4 tó ń gbé H.265 4K jáde fàlàlà á sì dúró gbagidi níwájú H.264 4K, nítorí Full HD ni ẹ̀rọ ìtú rẹ̀ fún H.264 ti mọ. Olówó á ní ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́, kò sì bàjẹ́. Ẹ wọ ètò káméra fóònù náà kẹ́ ẹ yàn án pé kó máa ya Full HD, tàbí kẹ́ ẹ tan H.265 (HEVC) níbẹ̀ tó bá wà. Èyí tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀, ẹ fi HandBrake, ètò tó ń sọ irú fíìmù kan di òmíràn, yí i padà lórí kọ̀ǹpútà míì. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Tí ẹ bá wá ń lọ sọ́jà, ẹ kó fáìlì márùn-ún tó le jù nínú ilé yín sínú klé USB, kẹ́ ẹ ní kí ọlọ́jà gbé wọn jáde lójú yín, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ṣé àpótí Android dáa àbí kò dáa?

Irú méjì ni. Èyí tí Google fọwọ́ sí, tó ń lo Google TV tàbí Android TV gidi, dáa, òun sì ni kẹ́ ẹ rà tó bá jẹ́ pé Netflix àti YouTube lẹ fẹ́ wò jù. Èyí tó kún ọjà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀tọ̀ ni.

Netflix kì í fi àwòrán tó mọ́ kedere ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Àgádágodo kan tí ń jẹ́ Widevine ló ń ṣọ́ ọ: ẹ̀rọ tó wà ní ipò L1 rí àwòrán HD gbà, èyí tó wà ní L3 kò rí ju ti àtijọ́ tó rí bàìbàì lọ. Páálí lè máa pariwo 8K. Netflix á fi nǹkan bí ìlà 480 ránṣẹ́ sí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan án, kẹ́ ẹ wọ Play Store, ẹ wọ ètò rẹ̀ dé ibi «À propos», ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà ní ìwé ẹ̀rí Play Protect. Tí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Raspberry Pi náà kò ní L1, nítorí náà ẹ má rà á torí Netflix.

Ewu kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, FBI ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fáwọn èèyàn nípa BADBOX 2.0, ètò burúkú tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí tẹlifísọ̀n àti ẹ̀rọ Android olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n ti fi sínú òmíràn kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Àwọn ọ̀daràn máa ń gba íntánẹ́ẹ̀tì ilé onílé láti ibẹ̀, bí ẹni gba ẹ̀yìnkùlé yín kọjá láti lọ jalè níbòmíràn. Ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó mẹ́gà, ìyẹn dátà, tí wọ́n ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́gà náà tó gbé yẹ̀ wò. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé HD lè jẹ tó 3 GB ní wákàtí kan, 4K á jẹ tó 7 GB. Fíìmù kan ní ìrọ̀lẹ́ kan jẹ́ 6 GB. Ilé tó ń ra fọ́fẹ́ mẹ́gà lóṣooṣù kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, dískì tí fíìmù ti wà nínú rẹ̀ ló bá ọgbọ́n mu, ibẹ̀ sì ni Pi àti tòkunbọ̀ ti ju àpótí lọ.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà?

Tí tẹlifísọ̀n yín bá ní HDMI, tó jẹ́ dískì àti klé USB ni fíìmù yín wà, Pi 4 tó ní RAM 2 GB ni mo fọwọ́ sí jù. Kò ní fáànù, kì í pariwo, rìmóòtù tẹlifísọ̀n ló sì ń gbọ́ràn sí. Àmọ́ ẹ má fi iye owó pátákó nìkan ṣe ètò. Pi 4 tó rẹlẹ̀ jù jẹ́ 35 dọ́là nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ṣájà, àpótí ìbora, irin ìtutù, káàdì microSD àti wáyà kún un. Wáyà náà gan-an yàtọ̀: ihò Pi 4 jẹ́ micro-HDMI, kékeré, wáyà HDMI tó wà nílé kò wọ ibẹ̀. Pi Zero 2 W rọjú ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n RAM 512 MB tó ní ń mú kí ó lọ́ra lọ́wọ́. Fún ilé tó ń wo fíìmù lójoojúmọ́, n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Tí àwọn ọmọ bá tún máa fi kọ̀ǹpútà náà ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, tòkunbọ̀ ìran keje sókè ló yẹ. Tí Èkó lẹ ti rà á, orí iná rẹ̀ á jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun gígùn ti Nàìjíríà, tí kò wọ ihò ògiri wa ní Benin. Wáyà iná tuntun lẹ máa rà. Ẹ má ṣe lo orí ìpààrọ̀ (adaptateur) tó ń mì nínú ihò, torí ó máa ń ta iná, ó sì ń yọ́. Kẹ́ ẹ rí i dájú pé wọ́n kó ṣájà rẹ̀ fún yín. Ẹ̀rọ Tiny àti Micro ń lo ṣájà ìta bíi ti kọ̀ǹpútà alágbèéká.

Ọ̀nà kẹta wà tí kò náni ní nǹkan púpọ̀: kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ẹnìkan jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ní HDMI, tó sì jẹ́ pé ọdún 2012 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe é, á gbé Full HD H.264 jáde dáadáa. Bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí Pi kò ní: nígbà tí iná bá lọ lójijì, tẹlifísọ̀n á kú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á wà láàyè, fáìlì kankan kò sì ní bàjẹ́. Ẹ wọ ètò Windows kẹ́ ẹ yàn «Ne rien faire» fún ìgbà tí ẹ bá pa ìdérí rẹ̀ dé. Tí bátìrì bá ti wú, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè gbiná.

Báwo ni ó ṣe ń jẹ iná sí?

Pi 4 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 5 tó bá ń gbé fíìmù jáde. Kọ̀ǹpútà Tiny ń jẹ bíi 15. Kọ̀ǹpútà ńlá àtijọ́ tó ń dúró lórí ilẹ̀ lè jẹ 70. Ní wákàtí 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30, Pi á jẹ 0.75 kWh, Tiny á jẹ 2.25, ti orí ilẹ̀ á jẹ 10.5. Ẹni tó ń fi káàdì sínú mítà iná mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó ń lo sólà ní abúlé mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo la ṣe ń tò ó?

Ètò tó rọrùn jù ni LibreELEC. Kodi, tó ń to fíìmù tó sì ń gbé e jáde, nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi Raspberry Pi Imager sórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ ki káàdì microSD 16 GB bọ̀ ọ́, ẹ yàn irú Pi yín, ẹ yàn LibreELEC, kẹ́ ẹ ní kó kọ ọ́. Gbogbo ohun tó wà lórí káàdì náà tẹ́lẹ̀ ló máa parẹ́. Ẹ ki káàdì sínú Pi. Ẹ ki wáyà HDMI sínú ihò tó sún mọ́ ihò iná jù. Ẹ tan tẹlifísọ̀n kẹ́ ẹ tó tan Pi, torí bí Pi bá jí tí kò rí tẹlifísọ̀n, ó lè má gbé àwòrán jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, á béèrè èdè àti Wi-Fi. LibreELEC kan náà wà fún kọ̀ǹpútà Intel. «Generic» ni wọ́n ń pè é.

Kí rìmóòtù lè máa darí rẹ̀, ẹ tan CEC nínú ètò tẹlifísọ̀n. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní Simplink, Sony ní Bravia Sync. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kì í sábà ní CEC. Fún òun, ẹ fi Kore, áàpù tó ń sọ fóònù di rìmóòtù Kodi, sórí fóònù Android, kẹ́ ẹ gbà á láyè nínú ètò Kodi. Kò gba mẹ́gà. Kí fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣáà wà lórí Wi-Fi kan náà.

Nígbà tí fíìmù bá ń lọ, ẹ so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà O. Ìwé kékeré á yọ lójú tẹlifísọ̀n. Tí ẹ bá rí «HW» lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀rọ ìtú, ẹ̀rọ ìlọta ló ń ṣiṣẹ́. Tí ó bá jẹ́ «SW», ọlọ ni. Àyẹ̀wò yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà èyíkéyìí lọ, ẹ sì lè ṣe é nísọ̀ rẹ̀.

Kí ló máa ń bàjẹ́, kí ló fà á?

Àmì mànàmáná kékeré lókè lápá ọ̀tún: iná kò tó. Pi 4 fẹ́ vóòtì 5 àti áńpíà 3. Ṣájà fóònù àtijọ́ kò ju áńpíà 1 tàbí 2 lọ, wáyà gígùn tínínrín sì tún ń jẹ lára vóòtì náà. Pi á dẹ ẹsẹ̀, fíìmù á máa fò, káàdì á sì bàjẹ́ níkẹyìn. Ṣájà gidi ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ṣe ṣahun níbẹ̀.

Dískì tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí kò sì ṣí: òun náà kò rí iná tó. Gbogbo ihò USB Pi 4 lápapọ̀ kò lè fún nǹkan ju áńpíà 1.2 lọ, dískì onírin kan lè fẹ́ tó áńpíà 1 nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ wá hub, ìyẹn àpótí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, tó ní ṣájà tirẹ̀.

Àwòrán wà, ohùn kò sí: ẹ wò ó bóyá Kodi ń rán ohùn gba HDMI, kẹ́ ẹ sì pa «passthrough» tó bá wà ní títàn. Tẹlifísọ̀n kékeré kì í mọ ohùn DTS. Tí ẹ bá pa á, Kodi fúnra rẹ̀ á tú u.

Fíìmù tó ju 4 GB lọ kọ̀ láti wọ klé USB, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì wà: klé náà wà ní FAT32, ọ̀nà ìto fáìlì àtijọ́ tí kò gba fáìlì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di exFAT. Dískì ńlá tó máa wà lára ẹ̀rọ nígbà gbogbo, NTFS ni mo fẹ́ràn fún un, torí ó ń gba ara rẹ̀ là ju exFAT lọ tí iná bá lọ lójijì.

Tẹlifísọ̀n ikùn ńlá tó ní ihò pupa, funfun àti yẹ́lò nìkan: ẹ ra àpótí tó ń sọ HDMI di AV. Ìdàkejì rẹ̀, AV sí HDMI, wà lórí igbá kan náà, wọ́n sì jọra bí ìbejì; ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa. Àwòrán á hàn, ṣùgbọ́n lẹ́tà á kéré lójú.

Ọyẹ́ àti ooru: tí Pi bá gbóná tó 80°C, á bẹ̀rẹ̀ sí dín ìyára rẹ̀ kù. Ẹ lẹ irin ìtutù mọ́ ṣípù rẹ̀, ẹ má ṣe fi aṣọ bò ó torí eruku. Ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ fẹ́ eruku inú fáànù rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ọ̀tá káàdì microSD. LibreELEC kò kọ nǹkan sí apá tí ètò fúnra rẹ̀ wà, ìyẹn ń dáàbò bò ó díẹ̀, ṣùgbọ́n apá tí àwọn ètò ìlò yín wà ṣì lè bàjẹ́. Ẹ má fi fíìmù sórí káàdì náà. Dískì ni àyè wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tò ó tán tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kọ káàdì kejì kan náà, kẹ́ ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àpótí Pi. Tí ti àkọ́kọ́ bá kú lálẹ́ ọjọ́ tí àlejò kún ilé, ẹ yọ ọ́, ẹ ki èkejì bọ̀ ọ́, ẹ tún tan án.